Bí Ìyàtọ̀ Náà Ṣe Tó

"Yọ ìlà yẹn kúrò," ni ọ̀gá wí, ó fi bírò tọ́ka sí ojú kọ̀ǹpútà.

Nínú ìwé àbájáde ìdánwò oògùn náà, ìlà yẹn nìkan ló sọ bí ìyàtọ̀ tó mú wá ṣe tó. Tí ìrora bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, méjì péré ni oògùn orúnkún tuntun yìí ń mú kúrò nínú rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n fi dán an wò, bí èrò bá sì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan pàápàá á yọjú. Obìnrin tó kọ ìlà náà, tí wọ́n ń pè ní Oníṣirò níbi iṣẹ́, mọ èyí bí ẹní mowó.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, tá a bá ní ìyàtọ̀ náà kì í ṣe èèṣì, tá ò wá sọ pé ó kéré, àwọn èèyàn á rò pé ó pọ̀ ni."

"Ṣé irọ́ ni pé kì í ṣe èèṣì?"

"Rárá, sà."

"Ó parí nìyẹn. Àwọn tó ni oògùn ló ń bọ́ gbogbo wa. Àbí o ti rí ilé mìíràn kó àwọn ọmọ ẹ lọ?"

Ilé iṣẹ́ ló ni ilé tó ń gbé. Inú bí i, ẹ̀rù sì bà á, àmọ́ ẹ̀rù ló borí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ èkù idà, kí ló fẹ́ fi jà? Ó yọ ìlà náà, ó sì buwọ́ lùwé.

Nígbà tó yá, ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, opó tó ń ránṣọ, tó sì ti fi abẹ́rẹ́ rán an níléèwé. Ẹ̀bá fèrèsé, níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ máa ń wà, ṣófo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ yín dà?"

"Mo ti tà á. Oògùn orúnkún tuntun yẹn wọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ni wọ́n ń kà lórí rédíò, gbogbo àdúgbò ni mo sọ fún."

"Ṣé ó ń dín ìrora yín kù?"

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ dìde, kò ṣeé ṣe, ó tún jókòó. "Ẹ̀bi oògùn kọ́. Ara tèmi ló le. Ṣé kí n máa lo méjì lẹ́ẹ̀kan ni?"

Ọ̀rọ̀ dé ètè Oníṣirò, ó dúró síbẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yìí bá gbọ́ láàárọ̀, etí ọ̀gá á ti gbọ́ ọ kó tó di alẹ́.

"Ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ máa lò," ló wí. Ó kórìíra ohùn ara rẹ̀.

"O ṣeun, dókítà mi."

Ẹ̀gbọ́n fi omi gbé hóró kan mì, ó wá na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀ pé kó fa òun dìde.