Dídá Padà Kì Í Ṣe Kíkọ̀

4

…ó sì tẹ òǹtẹ̀ náà mọ́ ojú ìwé kẹta. DÁ PADÀ. Ó fẹnu fẹ́ ẹ kó lè tètè gbẹ.

Verlin Stroud nìyẹn, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fún àwọn tó ń ta ohun ìjà sókè òkun ní ìwé-àṣẹ, Washington. Ọjọ́bọ̀ ni.

5

OHUN TÍ WỌ́N FẸ́ TÀ: Awò ìríran òru, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ìbọn. Irínwó.
ẸNI TÓ Ń TÀ: Ilé-iṣẹ́ Harnock.
ẸNI TÓ Ń RÀ: Ilé ìkẹ́rùsí kan ní orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́.
ÌBUWỌ́LÙ, OJÚ ÌWÉ KẸTA: ……………

6

Kí Verlin tó fọwọ́ sí ohunkóhun, á kọ́kọ́ pe ẹni tó ń rà. Á bi í pé ilẹ̀kùn mélòó ni ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ ní. Ẹni tó ni ilé kì í rò ó kó tó dáhùn.

VERLIN: Ilẹ̀kùn mélòó lẹ ní?
OBÌNRIN: Eyín wo ló ń dùn yín, ọ̀gá?
VERLIN: Mi ò sọ̀rọ̀ eyín.
OBÌNRIN: Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín lẹ pè.
VERLIN: Kò sí ilé ìkẹ́rùsí níbẹ̀?
OBÌNRIN: Kọ́bọ́ọ̀dù kan la ní. Òwú ló kún inú ẹ̀.

7

Ó yẹ kó kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kíkọ̀ ń fẹ́ ìbuwọ́lù èèyàn mẹ́rin àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òfin ọ́fíìsì sì ni pé ìwé tí kò bá pé, kí wọ́n dá a padà. Verlin kì í tàpá sí òfin ọ́fíìsì. Ó rò pé wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á mú un wá, òun á sì kọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ.

8

ÌKÉDE, ọjọ́ Ẹtì
Láti ọjọ́ Ajé, ohun ìjà tó ń lọ sí orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́ kò nílò ìwé-àṣẹ mọ́, àyàfi èyí tí ọ́fíìsì yìí bá ti kọ̀ tẹ́lẹ̀.

9

Kọ̀. Kì í ṣe dá padà.

10

Ọjọ́ Ajé. Marguerite Oakes ni ọ̀gá rẹ̀. Verlin fi ogún ọdún dàgbà jù ú lọ.

VERLIN: Jẹ́ n yí i sí kíkọ̀.
OAKES: Kí lo fẹ́ yí? O ti dá a padà fún wọn.
VERLIN: Ibi ìtọ́jú eyín ni wọ́n ń kó awò ìbọn lọ.
OAKES: Kí ló dé tó ò kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó o mọ̀?
VERLIN: Kò ní ìbuwọ́lù.
OAKES: Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, Verlin. Ìbuwọ́lù. Ó dáa, ọ̀rẹ́ wa ni wọ́n báyìí.
VERLIN: Ọ̀rẹ́ ta ni?

Àwọn kan ní ó lu tábìlì. Kò lù ú.

11

Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, wọ́n fi àwòrán kan hàn án. Awò lórí ìbọn ọ̀tá. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé tí Verlin fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Láti ìgbà náà ló ti ń béèrè ilẹ̀kùn.

12

Ó pe aṣọ́bodè ní èbúté pé kí wọ́n dá ẹrù Harnock dúró.

AṢỌ́BODÈ: Ṣé ẹ ní ìwé kíkọ̀?
VERLIN: Rárá.
AṢỌ́BODÈ: Kí la wá fẹ́ fi dá ẹrù dúró? Ẹnu yín?

13

Corbin Thayer, lọ́yà Harnock, ló pè é.

THAYER: Ọ̀gbẹ́ni Stroud, mo ní kí n dúpẹ́ ni. Ìwé tí ẹ dá padà ti dé.
VERLIN: Ibi ìtọ́jú eyín ni, Thayer. O mọ̀.
THAYER: Bóyá dókítà yẹn fẹ́ máa yọ eyín nínú òkùnkùn.
VERLIN: Ta ló yẹ kó buwọ́ lu ojú ìwé kẹta?
THAYER: Èmi ni.
VERLIN: O gbàgbé.
THAYER: Bàbá, ṣé mo jọ ẹni tó ń gbàgbé? Gbogbo wa la mọ̀ yín. Ẹ ò lè fojú fo ìbuwọ́lù.

Verlin gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

14

Ọkọ̀ ojú omi gbéra lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago méjì ọ̀sán. Ẹnikẹ́ni kò béèrè nǹkan kan.

15

Ó tún pe obìnrin yẹn. Fóònù dún títí. Wọn ò gbé e.

16

Ìwé mọ́kànlá ló kù lórí tábìlì Verlin. Kò sí èyí tó ń lọ sí orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́ nínú wọn.