Ẹja Tí Lájídé Fẹ́ Sìn

Nígbà yẹn, Lájídé ṣì wà láyé. Miriam ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà wà, ó ṣì ń fọwọ́ ara rẹ̀ gúnyán. Àwa tí a jọ dàgbà ní Kàbà kò tíì dín tó báyìí. Lọ́jọ́ tí Ayọ̀wálé ọmọ Lájídé gbé àpótí gíláàsì wọlé láti Lọ́kọ́ja, gbogbo wa la pé jọ sí pálọ̀ wọn. Lájídé nìkan ni kò gbójú sókè.

"Bàámi, ẹ wò ó. Ẹja lẹ ó máa sìn nínú rẹ̀."

"Ẹja nínú pálọ̀?" Kíkẹ́lọmọ, ìyàwó Lájídé, pàtẹ́wọ́. "Ṣé kí n kúkú gbé ààrò wọlé náà?"

A rẹ́rìn-ín. Lájídé kò rín. Láti ìgbà tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nítorí ìtọ̀ ṣúgà, kò lè dé oko mọ́, òun tí iṣu rẹ̀ máa ń tóbi ju ti gbogbo wa lọ. Oúnjẹ pàápàá, à ń bẹ̀ ẹ́ kó tó fọwọ́ kàn án ni. Ó ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò sin nǹkan kan mọ́, kí ló tún jókòó dè láyé? Ọ̀rọ̀ yìí ló ń ba Kíkẹ́lọmọ lẹ́rù. Ó ń bẹ̀rù pé orí àga yẹn ni ọkọ òun yóò jókòó kú sí.

Ẹja wẹ́wẹ́ aláwọ̀ mèremère ni Ayọ̀wálé kọ́kọ́ rà, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Wọ́n dára lójú. Àfi bí NEPA ṣe mú iná lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ti léfòó.

"Ẹ̀dá tí yóò dúró de NEPA kó tó mí," ni Lájídé wí, "Kàbà kọ́ ló yẹ kó máa gbé."

"Àrọ̀ ni kí ẹ sìn, Bàbá Ayọ̀wálé," ni Kíkẹ́lọmọ sọ. "Àrọ̀ kò mọ NEPA. Bó bá sì tóbi, a ó fi se ọbẹ̀."

"Ọ̀fun rẹ lò ń rò, Ìyá Ayọ̀. Àrọ̀ kì í bímọ nínú gíláàsì. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún un kó tó yé ẹyin. Èyí tó bá tún tóbi nínú wọn, á máa jẹ kékeré. Ṣé ẹni tí ń jẹ àbúrò rẹ̀ ni kí n máa sìn?"

"Èwo lẹ wá fẹ́?"

Inú wa ti ń dùn pé ó kúkú ń jiyàn.

"Ẹpìyà," ló wí. "Ti odò Òyì wa yìí. Mo fẹ́ èyí tí yóò bímọ lójú mi."

Ayọ̀wálé gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ àwọn apẹja, ó gbé akọ kan àti abo méjì bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Lájídé ti ní kí wọ́n sún àga òun mọ́ gíláàsì. Ó ní omi kànga ni kí wọ́n máa bù sí i, pé òògùn inú omi ẹ̀rọ á pa wọ́n. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú àwọn abo fi kọ oúnjẹ. Ẹnu rẹ̀ wú, ó lọ ká gúlútú sí igun. Lájídé náà kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

Nílẹ̀ wa, adìẹ tó bá ń tòògbé, ọ̀bẹ la fi ń ṣáájú ikú. Ohun tó bá kú fúnra rẹ̀ ti ṣòfò. Kíkẹ́lọmọ sì rò ó pé bí ẹja yìí bá kú lójú ọkọ òun, ọkọ náà kò ní dìde mọ́. Nígbà tí Lájídé sùn lọ lọ́sàn-án, ìyàwó rẹ̀ fi igbá bu ẹja náà pẹ̀lú omi, ó gbé e lọ sí ilé ìdáná. Bó ṣe tẹ ẹnu rẹ̀ láti dì í mú, ọmọ wẹ́wẹ́ tú jáde sínú omi igbá, ọ̀kẹ́ àìmọye, tojú-tojú.

Ó figbe ta. "Bàbá Ayọ̀wálé! Mo fẹ́ pa abiyamọ o!"

Lájídé tí kì í dìde láìsí ẹni tó dì í mú, òun ló fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ wọ ilé ìdáná yẹn.

"Fi í sílẹ̀! Má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́! Gbé e padà bó ṣe wà nínú omi."

Wọ́n rọra dà wọ́n padà sínú gíláàsì. Ẹja náà dúró díẹ̀, ó yanu, àwọn ọmọ sì ń sá wọ ẹnu rẹ̀ padà, bí ọmọ adìẹ tí ń sá wọ abẹ́ ìyá. Kíkẹ́lọmọ kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, olówó orí mi."

"Dìde. Ta ló mọ̀ pé ẹnu ló fi ń pọ̀n wọ́n?" Ó ń wo gíláàsì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé iyán kù nílé yìí?"

Miriam lọ gbé odó. "Lájídé," ló wí, "o ti di baba ọlọ́mọ yọyọ lọ́jọ́ ogbó."

Àwọn ọmọ náà dàgbà, wọ́n tún bí tiwọn. Àwọn èèyàn ń ti Ìyàrá àti Mopa wá gba ẹja lọ sìn sínú dúrọ́ọ̀mù. Ọdún ń gorí ọdún, Lájídé kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu ẹja fún wọn, àfi òun fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ló jẹun àárọ̀ tán, ó sùn lórí àga, kò sì jí mọ́. Ilé kún. Ẹkún kò tíì rọlẹ̀ nígbà tí Emmanuella, tíṣà kan láti Egbe, dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú garawa.

"Okun o..." Ìkíni náà já mọ́ ọn lẹ́nu. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, n kò mọ̀. Bàbá ló ní kí n wá lónìí. N ó máa padà lọ."

Kíkẹ́lọmọ fẹ́ dìde. Àwọn obìnrin dì í mú. "Jókòó, opó kì í dìde."

"Ẹ fi mí sílẹ̀," ló wí. "Ọkọ mi ló ní kó wá."

Ó lọ síbi gíláàsì, ó bu ẹja sínú garawa náà fúnra rẹ̀. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi so ẹnu garawa pinpin, kí omi má bàa dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà Egbe.