Ohun Tí Rúlà Onídẹ Rí Lára Igi

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí Bàbá Àmínù Akíndúró dé Chicago, lọ́dún 1983, ni ìjì wó igi wọ́nọ́ọ̀tì tó wà ní ẹ̀yìnkùlé ọmọ rẹ̀ ní Country Club Hills, ní ẹ̀bá ìlú náà. Kí a má purọ́, inú Bàbá dùn díẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé, kò ríṣẹ́ ṣe ju kó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, kó máa wo àwọn òyìnbó tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Kàfáyàtù ọmọ rẹ̀ á ti jáde lọ sí ọsibítù tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, àdúgbò á sì pa rọ́rọ́. Ẹni tí kò bá ní mọ́tò níbẹ̀, bí ẹlẹ́wọ̀n ló rí. Ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wọn gẹdú nínú igbó Oǹdó wá di ẹni tí ń ka iye ọ̀kẹ́rẹ́ tó gorí ògiri.

Kàfáyàtù ni akọ̀wé jámáà kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé fún ìrun kíkí ní Calumet City. Ó ní òun fi igi náà ta wọ́n lọ́rẹ. Mùstàfá Ọlábímtán, káfíńtà tó wà láàárín wọn, ya àwòrán ohun tí wọn yóò fi ṣe, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé ìtì igi náà lọ sọ́dọ̀ Mista Stan, òyìnbó tó ń la pákó. Bàbá ní àfi kí òun bá wọn lọ.

Ní ọ́fíìsì Mista Stan, láàárín kàlẹ́ńdà àti àwòrán ẹja, ni Bàbá ti rí i lára ògiri: rúlà onígi tó ṣeé ká sí méjì, tí ọ̀pá idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín rẹ̀ tó ṣeé fà lọ fà bọ̀. Nọ́ńbà kún ara igi, ó kún ara idẹ.

"Ta ló ni èyí?" Bàbá bi í.

"Bàbá bàbá mi ni," Mista Stan dáhùn. "Ọ̀ṣọ́ lásán ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò mọ́."

"Èmi mọ̀ ọ́n lò."

Nígbà tí Bàbá wà lọ́dọ̀ọ́, Ògúnbọ̀dé, ọ̀gá káfíńtà tó kọ́ ọ níṣẹ́, ní irú rẹ̀. Òun ni àwọn oníṣẹ́ igi àtijọ́ fi ń mọ iye pákó tó wà nínú ìtì láì mú pẹ́ńsù.

Mùstàfá ti tẹ káńkúlétọ̀ rẹ̀ tán ní tirẹ̀. Igi náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún, àyíká rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́ta ínṣì. "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kúbíìkì fíìtì méjìlélọ́gbọ̀n," ló wí. "Á tó mímbárì tí lèmọ́mù yóò máa gùn ṣe wàásù, á tó kọ́bọ́ọ̀dù Kùránì méjì, á tún tó bẹ́ńṣì gígùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ la ti bẹ́ńṣì, òun ló nípọn jù."

Bàbá mú rúlà náà kúrò lára ògiri, ó jáde lọ fi okùn yí igi ká, ó ṣẹ́ okùn náà po sí mẹ́rin, ó wọ̀n ọ́n: ínṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó fa idẹ títí mẹ́rìndínlógún, gígùn ìtì náà, fi kojú méjìlá tó wà lára igi rúlà, ó wá wo ohun tó kojú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré," ló wí. "Kò lè tó gbogbo ìyẹn. Mímbárì ni kí ẹ kọ́kọ́ là."

Mùstàfá rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ má bínú o, ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe."

Ojú ti Kàfáyàtù. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Amẹ́ríkà la wà níbí o."

Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá. Ó ká rúlà náà jẹ́jẹ́, ó gbé e sórí ìtì igi náà. "Mo mọ ibi tí mo wà," ló fèsì.

Kàfáyàtù wo ọwọ́ bàbá rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rí i tí ọwọ́ náà mọ ohun tó ń ṣe báyẹn. Ó yíjú sí Mista Stan. "Mímbárì ni kí ẹ kọ́kọ́ là."

Ẹ̀rọ ìlagi han títí di ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n to pákó jọ tí wọ́n wọ̀n ọ́n, kúbíìkì fíìtì mẹ́rìnlélógún àti díẹ̀ ni. Mímbárì pé, kọ́bọ́ọ̀dù méjèèjì pé. Bẹ́ńṣì ò sí ńbẹ̀.

Mùstàfá tún káńkúlétọ̀ tẹ̀. Méjìlélọ́gbọ̀n náà ló tún gbé jáde.

"Ẹ̀rọ rẹ ò purọ́," Bàbá sọ fún un. "Igi tó wà nílẹ̀ ló wọ̀n, tèèpo tèèpo. Igi tí yóò kù sí wa lọ́wọ́ ni rúlà wọ̀n."

Mùstàfá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. "Bàbá, ẹ forí jì mí."

Nínú mọ́tò, Kàfáyàtù dúró níbi iná pupa ojú pópó, ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Dádì, mi ò tiẹ̀ bèèrè rí bí iṣẹ́ yín ṣe rí."

"O bèèrè nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Oorun gbé ẹ lọ kí n tó débi kankan."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó wà lẹ́yìn wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí fọn fèrè ọkọ̀, àṣé iná ti di aláwọ̀ ewé.

Ní ọjọ́ Tuesday tó tẹ̀ lé e, Mista Stan wá fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé Bàbá nílé. Igi óòkù mẹ́fà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì fẹ́ kí Bàbá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ní ìparí oṣù, Bàbá ní kí wọ́n bá òun sún ọjọ́ tí òun yóò padà sílé síwájú. Kàfáyàtù ló pe ìyá rẹ̀ ní Oǹdó láti ṣàlàyé.

"Ó ríṣẹ́?" Ìyá pariwo lórí fóònù. "Ní ọmọ àádọ́rin ọdún? Iṣẹ́ kí ni?"

"Iṣẹ́ olùkọ́ ni, Màámi."

"Háà! Sọ fún un kó máa jẹun dáadáa o."