Àìsàn Tó Mọ Ọjọ́ Ìsinmi

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ìyá ọkọ obìnrin yìí ṣì wà láyé, eyín rẹ̀ pé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ náà wà, ẹni tó ni ilẹ̀, tó ni àká, tó tún ni ẹnu. Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ wà, ẹni tó máa ń kọrin wọlé láti oko.

Iṣẹ́ ọkọ yìí ni kó máa fi ṣọ́bìrì yí àgbàdo nínú àká. Lọ́dún yẹn, òjò pa àgbàdo kó tó gbẹ, ó sì bu. Ta ni yóò dà á nù? Oúnjẹ ọdún kan ni. Wọ́n ti ilẹ̀kùn pa nítorí olè, eruku funfun a bo ọkùnrin náà dé ìpéǹpéjú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ibà dé, òtútù dé, ikọ́ á gbé e jókòó. Ṣùgbọ́n tó bá ti fi ọjọ́ méjì sinmi, ara rẹ̀ á dá ṣáṣá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àìsàn wo ló ń mọ ọjọ́ ìsinmi?" Ó sọ ọ́ ní Bàbá Ìsinmi. Ìyàwó pàápàá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn ún títí di òní.

Nígbà tí ọkọ lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan ló gbọ́ èémí rẹ̀ láti ẹ̀yìn. "Ìgbà wo ló máa ń san yín, bàbá?"

"Tí mi ò bá ṣiṣẹ́ ni."

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Eruku àgbàdo tó bu ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró yín jẹ́. Ẹ má wọ àká yẹn mọ́."

Ìyàwó gbé ọ̀rọ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n, lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un níṣẹ́ ìta gbangba."

"Ìyàwó, ta wá ni yóò yí àgbàdo? Èmi tí eegun ń dùn?"

Ìyá ọkọ ní, "Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ mi." Ẹ̀gbọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó fi ìborùn di imú, ó gbé ṣọ́bìrì, ó wọ àká. Kò tíì yí ìdajì tí ọkọ rẹ̀ fi dé, tó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ń pè mí ní ọ̀lẹ, kí wọ́n tún wá máa pè ọ́ ní ọkọ mi?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè mí. Orúkọ ò pààyàn."

"Ó ń pa mí," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ó yí àgbàdo lọ́dún yẹn, ó tún yí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìsinmi ọjọ́ méjì ò tó mọ́. Nígbà tó yá, ti ọ̀sẹ̀ kan gan-an ò tó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wọ ṣòkòtò iṣẹ́. Ẹsẹ̀ kan ti wọlé. "Dúró ná," ó ní, "jẹ́ kí n mí díẹ̀." Ìyàwó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò kejì mú dè é. Ó dúró, ó dúró. Oòrùn yọ bá a níbẹ̀, ṣòkòtò lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn ni ọkọ rẹ̀ kú.