Nọ́ọ̀tì Idẹ Kan

Agbófinró tó bá dọ̀bálẹ̀ kí mi, àpò mi ni mo kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ gbá wò.

Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù àti láptọ́ọ̀pù ṣe ní Yaba. Àyà ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Àwọn méjì tó tẹ̀ lé e ò kí ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú wọn gbé láptọ́ọ̀pù kan dání nínú ọ̀rá.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá wa. Ẹ̀yin tí Ọlọ́run fi ọgbọ́n sí lọ́wọ́."

"Ta ló kú?" ni mo bi í.

Lubabah, tó ń ta ṣájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bú sẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń da oyin. Ó ní àwọn ti mú ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Victor láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, pé ó wà lára àwọn agbésùnmọ̀mí tó fẹ́ ju bọ́ǹbù. Ó ní gbogbo ẹ̀rí wà nínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀, àmọ́ ó ti fi páswọ́ọ̀dù tì í, kò sì fẹ́ sọ ọ́. Ó wá na ìwé ilé ẹjọ́ kan sí mi. Mo rọra kà á tán. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ páswọ́ọ̀dù náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n.

"Ìyá wa, ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ni ìlú ń wò."

Ìlú kì í wò mí. Ìlú ò mọ̀ pé mo wà.

Mo mọ Victor. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, ó háyà yàrá kan lẹ́yìn ọjà Tejúoṣó. Oṣù tó kọjá ló gbé láptọ́ọ̀pù tójú ẹ̀ fọ́ wá. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ohunkóhun tó bá wọlé, màá kọ páswọ́ọ̀dù ẹ̀ sórí tépù bébà, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn, torí mo gbọ́dọ̀ ṣí i wò tí mo bá ṣe é tán. Ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá wá gbà á, màá ya tépù náà lójú ẹ̀. Mo ya ti Victor. Àmọ́ tépù ni mo ya, mi ò ya orí mi.

Mo sì ń fura sí Victor náà. Àwọn èèyàn máa ń gbé nǹkan kalẹ̀, wọ́n á lọ jẹun. Ní ti Victor, wákàtí mẹ́ta ló fi dúró tì mí, kò gbójú kúrò lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé kí ló ń pa mọ́. Ó ní fọ́tò ìgbéyàwó òun ni. Irọ́. Kò tíì gbéyàwó.

Bó bá wá jẹ́ bọ́ǹbù lóòótọ́ ńkọ́? Ọmọ mi obìnrin ń wọ bọ́ọ̀sì láti Ìpọ̀nrí lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe gan-an?"

"Kékeré ni. Ẹ kọ páswọ́ọ̀dù síbí. Ẹ wá sáìn pé láptọ́ọ̀pù yìí lẹ tún ṣe fún un. Ó parí."

"Ẹ gbé e wá kí n wò ó."

"Ẹ ṣáà sáìn ná, ìyá wa."

"Èmi kì í sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ tí mi ò tíì yí abẹ́ ẹ̀ wò."

Ó wo àwọn méjì yẹn. Wọ́n gbé e fún mi. Mo ní kí Lubabah fi iná fóònù ẹ̀ tàn án.

Nọ́ọ̀tì mẹ́wàá ló wà lábẹ́ ẹ̀, gbogbo wọn dúdú. Ọjọ́ tí mo tún ti Victor ṣe, nọ́ọ̀tì kan já bọ́, a wá a tì. Mo yọ nọ́ọ̀tì idẹ kan lára láptọ́ọ̀pù àtijọ́, mo fi dípò ẹ̀. Victor fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Àǹtí Àrìnpé, ẹ ti fi eyín wúrà sí i lẹ́nu."

Kò sí eyín wúrà kankan níbí.

"Èyí kọ́," ni mo wí. "Irú kan náà ni, àmọ́ èmi ò fọwọ́ kàn án rí. Nọ́ọ̀tì idẹ wà lábẹ́ ti Victor."

"Ìyá wa, ọ̀rọ̀ agbésùnmọ̀mí là ń sọ, ẹ̀yin ń sọ ti nọ́ọ̀tì?"

"Nọ́ọ̀tì ni mo mọ̀. Ta ló pààrọ̀ ẹ̀? Ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọwọ́ yín ló wà."

Mo ti rí i wàyí. Tí mo bá kọ páswọ́ọ̀dù, wọ́n á fi ti èyí, wọ́n á ṣí i níwájú adájọ́, wọ́n á ní ẹ wò ó, páswọ́ọ̀dù Victor ló ṣí i. Orúkọ mi á wà nísàlẹ̀ ìwé. Ohunkóhun tí wọ́n bá kó sínú ẹ̀ ti di ti Victor nìyẹn.

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀jẹ̀túndé. "O máa sọ ọ́ àbí o ò ní sọ ọ́?"

"Ha!" ni Lubabah wí. "Ìyá wa ti di 'o'!"

"Mo ti ń retí ẹ̀," ni mo dá a lóhùn.

Mo gba bírò, mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé wọn: ÈYÍ KỌ́ NI MO TÚN ṢE. Mo sáìn sí i.

"Ẹ gbé èyí tó ní nọ́ọ̀tì idẹ síwájú adájọ́, kí Victor náà wà níbẹ̀. Màá sọ páswọ́ọ̀dù ẹ̀. Bọ́ǹbù ni o, fọ́tò ìgbéyàwó ni o, gbogbo wa á jọ rí i."

"Gbé àpò ẹ. Ò ń bá wa lọ."

Mo gbé e. Bí mo ṣe ń kọjá, Lubabah rọra fi ojú fóònù ẹ̀ hàn mí. Nígbà tó ń tanná, ó ti ya fọ́tò abẹ́ láptọ́ọ̀pù náà, nọ́ọ̀tì dúdú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá àti nọ́ńbà ara ẹ̀.

"Màá fi ránṣẹ́ sí Glory, àbúrò Victor," ló sọ sí mi létí.

Wọ́n fi mí sáàárín nínú mọ́tò wọn. Ká tó dé Ojúẹlẹ́gbà, Ọ̀jẹ̀túndé yíjú padà. Ẹ̀rín ti padà sẹ́nu ẹ̀.

"Ìyá wa, ṣé ẹ ti jẹun?"

Mo fọwọ́ méjèèjì di àpò mi mú.