Ẹ̀kọ́ Tó Gba Kútọnu Dé Ẹ̀gbẹ́ Ògiri

“Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di orí okùn íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mo dì ọ́ lẹ́sẹ̀ mú lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ gun òpó, tí o ń gbọ̀n bí ewúrẹ́ inú òjò. Lónìí o wá dúró nínú ṣọ́ọ̀bù mi, o ní ká so okùn wa pọ̀ ní dọ́gba-n-dọ́gba?”

Ariwo mi dé títì. Fréjus kò gbójú sókè. “Pàtúrọ́ọ̀nù, ọ̀gá mi, mi ò jiyàn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.”

“Dọ́gba kí ni, nígbà náà?”

Èmi Gbémisọ́lá ni mo kọ́kọ́ ta íńtánẹ́ẹ̀tì ládùúgbò wa ní Ṣábẹ̀ẹ́. Fréjus ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fún ọdún mẹ́rin. Mo dá a sílẹ̀, ó sì lọ ṣí tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri mi, àfi bí ẹni pé gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ ò gbà á. Láràárọ̀, bàtà àwọn oníbàárà tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ kà. Mo jowú. Ẹni tí kò bá jowú rí kó wá bá mi wí.

Ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì òdìkejì títì ló dá ìjà sílẹ̀. Inú ẹ̀rọ Fréjus ni fídíò ẹ̀kọ́ náà wà, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ mi ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì, látinú àwo tí mo dè mọ́ òrùlé wọn. Nítorí pé okùn àwa méjèèjì ò so pọ̀, ẹ̀kọ́ á kúrò lọ́dọ̀ Fréjus, á dé Kútọnu níbi tí àwa méjèèjì ti ń ra íńtánẹ́ẹ̀tì, á tún padà wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kó tó dé, agogo ìparí kíláàsì ti lù. Okùn kan láti fèrèsé mi sí tirẹ̀ ni ì bá parí ẹ̀. Mo kọ̀. Ni Mùsíọ̀ Félix, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, bá tẹ̀lé Fréjus wọlé lọ́jọ́ náà, ó jókòó sórí àga gbọọrọ mi, ó ní bí a ò bá so ó lónìí, òun á fi mí sílẹ̀ lọ bá Fréjus. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn nìkan ló sì kù tí àwọn èèyàn fi ń pè mí ní pàtúrọ́ọ̀nù.

“Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?” Fréjus bi mí.

“Kí orúkọ mi ṣáájú tìrẹ lórí pátákó tí a máa gbé síta.”

“Mo gbà.”

Ó tètè gbà jù, bí ẹni tí nǹkan kan ò ní dín lára ẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. “Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wo ti àwọn ọmọ.”

Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ló ń ní kó dìde. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Mo wá rí aago ọwọ́ rẹ̀, tuntun, ó ń dán. Mo mú ìgbálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ yí i ká.

“Pàtúrọ́ọ̀nù,” Félix sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “ọkùnrin yìí ṣì wà nílẹ̀.”

“Ilẹ̀ mi ni. Bó bá wù ú, kó sùn síbẹ̀.”

Félix dìde. Ó na ọwọ́ sí Fréjus, ó fà á dúró, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Ó wá pe ẹ̀ṣọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lórí fóònù. “Romuald, gun òrùlé. Tú àwo Màdáámù kúrò.”

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tèmi tìgbálẹ̀. Romuald gun àkàbà, ó tú nọ́ọ̀tì kìíní, ó tú èkejì. Kò tilẹ̀ fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó fẹsẹ̀ tì í, àwo mi sì já lu òkúta.