Òkú Tí Abúlé Méjì Ń Wọ́ Síra Wọn

Hawisa ló kọ́kọ́ rí òkú Wigot, àgbàlagbà tí ń kiri abẹ́rẹ́ àti òwú, nínú kòtò lẹ́yìn oko rẹ̀. Wọ́n ti fọ́ ọ lórí. Òfin ọba ní ẹni tó bá rí òkú gbọ́dọ̀ figbe ta, Hawisa sì figbe ta. Gbogbo abúlé tú jáde.

Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó pa á. Torold, baálẹ̀ wọn, wo òkú, ó wo odò tó pààlà àwọn àti abúlé kejì.

"Bọ́wọ́ ò bá tẹ apànìyàn, ìtanràn ọba á já lé wa lórí. Ìyẹn bí òkú bá wà nílẹ̀ tiwa o."

"Baálẹ̀!" Hawisa ké. "Wigot tó ń jẹun nílé gbogbo wa? Ẹ jẹ́ ká sin ín."

"Hawisa, òfin ò gbà ká sin ín kí ìránṣẹ́ ọba tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àbí ìwọ lo fẹ́ san án?"

Àwọn ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n wọ́ ọ sọdá odò sílẹ̀ àwọn ará òdìkejì. Orí rẹ̀ ń lu òkúta bí wọ́n ti ń lọ. Hawisa tutọ́ sílẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, òkú ti padà, ó nà gbalaja lẹ́nu ọgbà àgùntàn. Torold ní kí wọ́n wọ́ ọ lọ, àwọn tọ̀hún tún wọ́ ọ bọ̀. Oòrùn ìgbà ìkórè kò ṣàánú rárá. Òkú wú, awọ ara rẹ̀ ń bá okùn lọ, eṣinṣin bò ó. Ẹnìkan ti bọ́ bàtà rẹ̀. Àpò abẹ́rẹ́ rẹ̀ náà ti di àwátì, ìyàwó Torold sì ń fi abẹ́rẹ́ tuntun ránṣọ lójú gbogbo ayé.

Ìránṣẹ́ ọba dé lórí ẹṣin, ó fi aṣọ bo imú, kò sì sọ̀ kalẹ̀.

"Ta ló rí i? Níbo?"

Torold wúkọ́, ó ń wo Hawisa.

"Èmi ni, olúwa mi. Kòtò ẹ̀yìn oko mi ni. Àwọn wọ̀nyí wọ́ ọ lọ, àwọn tọ̀hún wọ́ ọ bọ̀, bí ẹni ń wọ́ igi ìdáná."

Ọkùnrin náà kò bínú. Ṣe ni inú rẹ̀ dùn. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Abúlé méjèèjì ni yóò sanwó fọ́ba."

"Ẹni tó pa á ńkọ́?" Hawisa bèèrè.

"Bí ẹ bá rí i, ẹ mú un wá. Ẹ sin eléyìí, ó ń rùn." Ó yí ẹṣin padà.

Kò sí ọkùnrin kan tó fọwọ́ kàn án. Obìnrin kan tí Hawisa kò mọ̀ ló sọdá odò wá pẹ̀lú ṣọ́bìrì, tí kò sì lè gbójú sókè fún ìtìjú. Àwọn méjèèjì ló gbẹ́lẹ̀.

Lọ́sẹ̀ náà ni Torold wá gba ẹlẹ́dẹ̀ Hawisa fún ìtanràn. "Ọ̀dàlẹ̀," ló pè é. Hawisa fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn ọgbà fún un, kò sì wò ó lójú. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, á sọdá odò lọ bá obìnrin oníṣọ́bìrì.